Alẹ́ 359

Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin tèmi. Láti àná ni kálukú ti ń kọ àyẹ̀wò ọdún tiẹ̀, ẹni tó ra mọ́tò ń sọ, ẹni tó jápa ń sọ, ẹni tó gbéyàwó ń sọ, ni mo bá ní èmi náà ò ní dákẹ́. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo kà lọ́dún 2024 yìí, iye alẹ́ tí mo sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ara mi, nínú ilé mi ní Mọníyà, n'Ìbàdàn. Ọjọ́ 366 lọdún yìí ní, mo yọ mẹ́rin tí mo fi lọ ṣe vẹrifikéṣọ̀n pẹ́ńṣàn, mo yọ mẹ́ta tá a fi sin ẹ̀gbọ́n mi, ó ku 359. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín pé kí tún nìyẹn. 1988 ni mo wọ iṣẹ́ sọ́jà, ọdún 35 gbáko ni mo lò kí n tó bọ́ kákí lọ́dún tó kọjá, 1994 ni mo sì gbé ìyá àwọn ọmọ níyàwó. Tí mo bá ní kí n kó gbogbo alẹ́ tí mo sùn tì í láti ìgbà yẹn jọ, mi ò rò pé á pé ọdún mẹ́wàá.

Zaria ni wọ́n ti sọ wá di sọ́jà, ní Depot. Láti ibẹ̀ ó di Jọ́ọ̀sì, ó di Kàdúná, ó di Ìkẹjà, ó di Màídúgùrì, kí n má tíì ka Monrovia ní Liberia àti Freetown ní Sierra Leone tá a bá ECOMOG lọ, ìyẹn ọmọ ogun àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá gbé bárékè rí á mọ̀, láyé ìgbà yẹn tẹ́ ẹ bá dúró sẹ́nu mámì máàkẹ́ẹ̀tì, ọjà inú bárékè, tẹ́ ẹ pariwo "Abídèmí!", láàárín àwọn ọmọ Yorùbá nìkan, bíi mẹ́rin márùn-ún ló máa dáhùn. Bàbá ò sí nílé, wọ́n bí ọmọ dè é. Àkọ́bí tèmi ń jẹ́ ẹ, Monrovia ni mo wà nígbà tí wọ́n bí i. Èkejì dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1999, èmi tún wà ní Freetown. Ìyá ẹ̀ ní òun ò lè sọ ọmọ méjì lórúkọ kan náà, kí n fi orúkọ míì ránṣẹ́. Àmọ́ 6 January ọdún yẹn làwọn ọlọ̀tẹ̀ wọ Freetown, ta ló ráàyè lẹ́tà. Ohun tójú mi rí níbẹ̀, inú mi ni yóò gbé. Ọmọ ti pé oṣù méjì kí lẹ́tà tí mo kọ orúkọ sí tó délé, wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ tipẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì pe orúkọ tí mo fi ránṣẹ́ yẹn rí di òní.

Kí n tó fẹ̀yìn tì, mo rò pé ilé ń dúró dè mí ni. Irọ́ ni. Ilé ti mọ bí wọ́n ṣe ń rìn láìsí mi. Ìyàwó mi máa ń ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́sàn-án, ó máa ń ka orí àwọn tó wà nílé kó tó fi ìdábùú sí i, àmọ́ kò mọ́ ọn lára láti ka tèmi mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún yìí ni mo wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdágún ẹja mi tó tilẹ̀kùn mọ́ mi, tí mo ń kanlẹ̀kùn ilé tí mo fi owó ara mi kọ́ bí àlejò! Nígbà àkọ́kọ́ inú bí mi. Nígbà kẹta mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Èmi náà ò rọrùn o, kí n sọ òótọ́. Oṣù kìíní sí oṣù kẹta, aago márùn-ún ìdájí ni mò ń jí gbogbo ilé, mò ń yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò, mo tún kíṣìnì tò títí tí ìyàwó mi ò fi rí odó ata ẹ̀ mọ́. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ogún ọdún, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀, ó ní "Dádì, ẹ máà bínú, a ò sí ní páréèdì." Ìyá ẹ̀ ò sọ̀rọ̀, ó kàn gbé odó padà síbi tó wà. Àwọn ọmọ tó wà níta náà ńkọ́, tí wọ́n bá pè mí lórí fóònù, "Dádì ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́, ó dáa, ẹ gbé e fún Mọ́mì," ìṣẹ́jú kan ò tíì pé. Wákàtí kan ni wọ́n á fi bá ìyá wọn sọ̀rọ̀, èmi á máa gbọ́ ẹ̀rín láti pálọ̀.

Àmọ́ ọjọ́ tí mi ò lè gbàgbé nínú ọdún yìí ni 27 January. Mo jí, mo rí i pé ìyàwó mi ò jẹun, kò lọ ṣọ́ọ̀bù, ó kàn jókòó sẹ́yìnkùlé. Mo ní kí ló dé. Ó ní "Ẹ ò mọ òní ni?" Mo mọ̀ ọ́n o, ta ni sọ́jà tí ò mọ̀ ọ́n, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday yẹn ní 2002, tí ilé ìkó-bọ́ǹbù-sí bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà. Kàdúná ni mo wà tí mò ń ṣe kọ́ọ̀sì, àwọn sì wà nínú bárékè. Ohun tí mo mọ̀ látọjọ́ yìí ò ju pé wọ́n sá, wọ́n sì yè. Ọdún 22 lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó pọn ọmọ kékeré, ó di àgbà lọ́wọ́ mú, bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ ẹnì kankan nínú wọn. Ó ní òun ti ń bá èrò sá lọ sápá Òṣòdì, Abídèmí wá rí ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ní títì tó ń forí lé ọ̀nà Maryland, ó yarí pé àfi káwọn tẹ̀ lé e, ó ń ké, ó ń wọ́lẹ̀, ni wọ́n bá yà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lọ sápá kejì ló sá dé Òkè-Àfà, inú òkùnkùn ni, ewé ti bo ojú kánààlì, wọ́n rò pé ilẹ̀ ni, wọ́n wọ inú omi. Àwọn tó kú lọ́jọ́ yẹn lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ọmọdé.

Mo bi í pé kí ló dé tó ò sọ ọ́ fún mi látọjọ́ yìí. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní "Ẹ ò bi mí. Ọjọ́ tẹ́ ẹ dé, àpótí aṣọ yín lẹ bèèrè."

Mo rántí. Òótọ́ ni. Àwọn àmì sọ́jà mi àti ìwé iṣẹ́ mi ló wà nínú ẹ̀, mo kọ́kọ́ bèèrè ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò lè wojú ẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́. Owó kan tó yẹ kó wọlé ní oṣù kejì, oṣù kẹwàá ló tó wọlé, mi ò ní dárúkọ ẹni tó fi í pamọ́. Ẹja tí wọ́n kọ́ wa ní sísìn ní Òṣòdì, níbi tí wọ́n ti ń fi oṣù mẹ́fà kọ́ sọ́jà tó ń fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ọwọ́, mo fi 500 ọmọ ẹja àrọ̀ bẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi 200 kú lóru ọjọ́ kan torí mi ò tètè pààrọ̀ omi. Owó oúnjẹ wọn ń fò sókè lójoojúmọ́. Ìyàwó mi ló ní ká yan ìyókù ká tà á ní gbígbẹ, òun ló sì jèrè, èmi kàn ń pọnmi ni.

Ọjọ́ 15 oṣù kìíní mo wọ mẹ́dáàlì mi lọ sí Àgọ́dì, fún ìrántí àwọn tó ti kú (15 January 1970 ni ogun abẹ́lé parí, ìdí tí wọ́n fi mú ọjọ́ náà nìyẹn). Wọ́n jẹ́ kí ẹyẹlé fò, wọ́n ka ọ̀rọ̀, wọ́n fún àwọn opó nírẹsì. Èmi ò bá ẹnì kankan jà, mo kàn rò ó pé ọjọ́ kan nínú 366 ti kéré jù fún wọn.

Ó wá ku ọ̀kan. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti mọ̀ pé àbíkẹ́yìn mi ti kọ orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti di rikúrúùtì. Kò sọ fún mi o, ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ní Òjòó ni mo ti gbọ́. Àwọn ará àdúgbò ti ń yọ̀ pé ọmọ ẹkùn ni, pé ó fẹ́ gba ipò bàbá ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ò yọ̀. Lánàá tí mò ń wá gíláàsì mi, mo gbé Bíbélì ẹ̀ sókè lórí tábìlì, mo rí ìwé rikúrúùtì ọmọ náà lábẹ́ ẹ̀, ìyá ẹ̀ ti ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń gbàdúrà lé e lórí ni àbí ó ń fi í pamọ́ kọ́mọ má rí i. Mo gbé Bíbélì náà padà bó ṣe wà.

Ọmọ náà ṣì ń wo ojú mi. Aago mẹ́sàn-án ti ń lọ lù, ẹ jẹ́ n tètè wọlé kí wọ́n tó tilẹ̀kùn.