Òjò Àkọ́rọ̀ àti Ìbéèrè Bàbá Àgbẹ̀

Láti ọdún 2010 tí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ti gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó bá ìyípadà ojú-ọjọ́ mu jáde, òpó mẹ́ta ni wọ́n gbé e lé: kí ìkórè pọ̀ sí i, kí oko lè fara da ọ̀dá àti ìkún-omi, kí gáàsì tó ń mú ayé gbóná sì dín kù níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Àwa olùwádìí tí a péjọ sí Àbújá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún ti mọ èyí kí a tó kúrò nílé. Síbẹ̀, odidi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tún un kà sí wa létí.

Ọjọ́ kẹta, nígbà tí a lọ sí oko ní Gwagwalada, ni ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ fún mi. Bàbá àgbẹ̀ kan, ọmọ Yàgbà tó ti pẹ́ níbẹ̀, fetí sí gbogbo àlàyé wa lórí àwọn irúgbìn àgbàdo SAMMAZ tó ń fara da ọ̀dá, ó wá ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ̀wé. Ọjọ́ wo gan-an wá ni kí n gbìn ín?" Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wa lẹ́nu.

Òjò àkọ́rọ̀ ló ń dà á láàmú. Bó bá ti rọ̀, àgbẹ̀ á gbìn. Bí òjò bá wá dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù á gbẹ, bàbá á sì tún fowó ra irúgbìn mìíràn. Irúgbìn tó ń fara da ọ̀dá náà nílò omi kó tó lè hù. Ọdọọdún ni NiMet, àjọ tó ń wo ojú-ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde nípa ìgbà tí òjò yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀ àti ìgbà tí yóò kásẹ̀ nílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n nínú gbogbo wa, ẹni méjì péré ló ti fi í ṣètò ìwádìí rí, èmi kò sì sí nínú wọn.

Ẹ̀kọ́ nípa ìrẹsì tí a ń bomi rin náà wúlò. Omi tó dúró lórí oko kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ ilẹ̀, gáàsì methane, ọ̀kan nínú àwọn tó ń mú ayé gbóná, a sì máa jáde láti inú ẹrẹ̀. Bí a bá jẹ́ kí omi fà dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 nísàlẹ̀ ilẹ̀ kí a tó tún bu omi sí i, gáàsì náà á dín kù. Páìpù tí a lu ihò sí lára, tí a rì mọ́lẹ̀, ni a fi ń wo ibi tí omi náà fà dé.

Mo ti padà sí Zaria báyìí. Oríṣi irúgbìn mẹ́rin lọ́jọ́ ìgbìn kan ṣoṣo ló wà nínú àbá ìwádìí mi tẹ́lẹ̀. Mo ti dín oríṣi irúgbìn kù sí méjì, mo sọ ọjọ́ ìgbìn di mẹ́ta, ọ̀kan nínú àwọn oko ìdánwò náà yóò sì wà ní Gwagwalada. Bàbá náà ti pè mí lẹ́ẹ̀kan láti béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé.