Mo ti rẹ́rìn-ín tán kí n tó mọ̀ pé èmi ni

Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń kọ ewì ló fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù. Oríkì ló fi ṣe é, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àmọ̀tán ló sì ń kì: Àmọ̀tán tó mọ oògùn gbogbo àìsàn, tó mọ ibi tí ìjọba ti ṣàṣìṣe, tó mọ bó ṣe yẹ kí aládùúgbò tọ́ ọmọ. Mo rín in títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo tún un fi ránṣẹ́ sí èèyàn bíi méje, mo sì ń kọ orúkọ ẹni tó jọ Àmọ̀tán sábẹ́ ẹ̀ fún wọn.

Àbúrò mi obìnrin nìkan ni kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ ka ìlà kẹrin yẹn sókè kí n gbọ́.”

Akéwì ò fi àmì ohùn sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: “O gbon, o gbon, o gbon, won bi i leere, o gbon.” Mo kà á bí àwítúnwí lásán, mo tiẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ló tán lẹ́nu bàbá náà. Àbúrò mi gba fóònù, ó kà á: “Ó gbọ́n, ó gbọ́n, ó gbọ́n, wọ́n bi í léèrè, ó gbọ̀n.” Mẹ́ta àkọ́kọ́ gòkè, ìkẹrin já wálẹ̀ bí ẹni tó tàsé àtẹ̀gùn. Ọlọ́gbọ́n wá di ẹni tí ara ń gbọ̀n. Orí àmì kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ò kọ ni gbogbo ewì náà dúró lé.

Láti ọjọ́ náà, n kì í fi ojú nìkan ka ewì ẹ̀fẹ̀ mọ́. Ẹ kà á sókè. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ń pààrà, tí kò sì lámì, ẹ gbé ohùn mìíràn wò lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ pé akéwì ń tún ara ẹ̀ wí.

Ìgbà tí mo tún un kà ni mo rí nǹkan mìíràn. Kò sí èébú kankan níbẹ̀. Ìyìn ni látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń ki ẹnìkan, ohun tó ṣe là ń tò. Mo wá ka ohun tí Àmọ̀tán ṣe. Ó mọ̀, ó sọ, ó ṣàlàyé, ó jiyàn. Kò sí “ó ṣe” níbì kankan. Ibi tí ìyìn bá ti fo nǹkan ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́, ibẹ̀ ni ẹ̀dà-ọ̀rọ̀, ìyẹn ká sọ ohun kan ká sì ní òdìkejì ẹ̀ lọ́kàn, máa ń sá pamọ́ sí.

Ibẹ̀ náà ni ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ̀rọ omi àbúrò mi yìí ń jò, ó pè mí kí n wá wò ó. Mo dúró níwájú ẹ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú, mò ń ṣàlàyé ohun tó fà á àti bí àwọn tó ṣe é ò ṣe mọṣẹ́. Omi ń kán tó, tó, tó sínú korobá. N kò fọwọ́ kan sípánà. Nígbà tí mo lọ tán, ó pe ẹlòmíràn.

Nílé ìwé, bí olùkọ́ bá bi wá pé ẹ̀kọ́ wo ni ewì kọ́ wa, a ó kọ ọ́ pé “kí a má ṣe gbéraga,” a ó gba máàkì, ó tán. Ewì yìí náà ní irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ nípárí, tèmi ni pé ì bá dùn jù bí kò bá sí i. Korobá ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́.

(Ẹ̀fẹ̀ yàtọ̀ sí èébú o. Ìwà ṣeé fi sílẹ̀, ẹsẹ̀ wíwọ́ kò ṣeé fi sílẹ̀. Ewì tó bá ń fi ara èèyàn rẹ́rìn-ín, mo máa ń fò ó ni.)

Horace, akéwì ará Róòmù tó kú ní ọdún 8 ṣáájú ìbí Kristi, ń fi ahun ṣẹ̀fẹ̀ nínú ewì kan, ló bá yíjú sí i: kí lò ń rín? Yí orúkọ padà, ìwọ ni ìtàn náà ń bá wí.

Mo pe bàbá akéwì níkẹyìn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi lẹ ní lọ́kàn tẹ́ ẹ fi kọ ọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìwọ ni ẹnì kẹrin tó máa bi mí láàárọ̀ yìí.”