Kò Tíì Mọ Ilé Tó Ń Gbé

Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́wàá alẹ́ kọjá díẹ̀. Wọ́n ti mú iná lọ. Béèsì tuntun mi, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, wà lórí itan mi, mi ò ta á.

"Kò tíì mọ ilé tó ń gbé."

Ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá Onígángan nìyẹn lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mò ń ká wáyà. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ o. Àwọn àti onídírọ́ọ̀mù wa ni wọ́n jọ dúró, wọ́n ń fi aṣọ wé gángan wọn, wọ́n sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ìgbà téèyàn ń sọ pé òjò ṣú. Onídírọ́ọ̀mù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí ju ọ̀rọ̀ náà lọ. Àbí ọ̀rọ̀ náà ni? Mi ò mọ̀ mọ́.

Ó sì lè jẹ́ ẹlòmíì ni wọ́n ń sọ. Ọmọkùnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí Àkóbọ̀, ó pẹ́ dé láàárọ̀ yìí, ó ní òun ṣìnà. Ilé gidi, ilé tó ní òrùlé àti lándílọ́ọ̀dù. Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú nìyẹn láti ìgbà tí mo ti wọ Micra. Kò tù mí nínú, torí mo mọ ohun tí mo ṣe nígbà ìyìn.

Láti Houston, ní Amẹ́ríkà, ni gìtá yìí ti dé. Oṣù kan ó lé ọjọ́ mẹ́ta rèé.

Kíì F# ni wọ́n gbé orin sí, bí ìṣe wa. Lórí béèsì olókùn márùn-ún, doh, ìyẹn F#, wà ní fret keje (fret ni irin tó dábùú ọrùn gìtá) lórí okùn B, èyí tó nípọn jù, fah ni okùn B fúnra rẹ̀ láìtẹ nǹkan kan, soh, ìyẹn C#, wà ní fret kejì. Ọdún mọ́kànlá ni ọwọ́ mi ti ń rìn ní ọ̀nà yẹn. Mo lè máa tòògbé kí n máa ta á lọ. Lórí gìtá mi àtijọ́, tí gbogbo okùn rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 34, láti fret keje sí ìkejì jẹ́ sẹ̀ńtímítà 19 àti díẹ̀. Lórí gìtá tuntun yìí, tí wọ́n ń pè ní Dingwall, okùn B jẹ́ ínǹṣì 37, àwọn yòókù ń kúrú sí i díẹ̀díẹ̀ títí tí okùn G fi di 34. Ìrìn kan náà lórí B ti di sẹ̀ńtímítà 21. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n nígbà tí mo délé. Gbogbo ohun tó fi gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ò ju ìbú ìka kan.

Ìka kan ṣoṣo. Ọwọ́ mi gbéra ní fret keje, ó lọ síbi tó mọ̀ pé soh ń gbé, ó sì balẹ̀ níwájú fret kejì dípò ẹ̀yìn rẹ̀. D ló dún. Gbogbo kúáyà wà lórí C#, èmi wà lábẹ́ wọn pẹ̀lú D, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ sì ti ṣí béèsì sókè nítorí pé èmi fúnra mi ló bẹ̀ ẹ́ lánàá pé kó ṣí i. Olórí orin bojú wẹ̀yìn. Onídírọ́ọ̀mù bojú wò mí. Bàbá Onígángan ò wò mí rárá, wọ́n kàn fún ọsán gángan wọn pọ̀ lábẹ́ apá, ìlù sì ké sókè lẹ́ẹ̀kan.

Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé fret keje gan-an ló rọrùn jù. Bí ẹ bá wo ọrùn gìtá yìí, àwọn fret rẹ̀ tàn ká bí igi abẹ̀bẹ̀. Àwọn tó wà lápá orí dà sí ìhà kan, àwọn tó wà lápá ara dà sí ìhà kejì, ìkeje nìkan ló dúró ṣánṣán láàárín. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbéra, tí mo ti máa ń rò pé kò sí nǹkan tó yí padà. Doh ló ń tàn mí. Ìyá kan nínú kúáyà tiẹ̀ bi mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e wá: "Béèsì, ṣé inú oòrùn lo gbàgbé gìtá ẹ sí ni? Ó ti wọ́ o." Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ náà. Lónìí tí mo rántí ẹ, kò pa mí lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Kò wọ́. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn. Ralph Novak, ará Amẹ́ríkà, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú fret bẹ́ẹ̀ ní 1989, Sheldon Dingwall ní Saskatoon, ní Kánádà, ló sì gbé e sórí béèsì tí àwa onígìtá fi mọ̀ ọ́n. Ìdí tí dùrù ńlá fi ní okùn gígùn fún ohùn ìsàlẹ̀ tó sì ní kúkúrú fún ti òkè náà ni. Okùn tó bá gùn ní láti le sí i kó tó lè mú ohùn kan náà jáde. Ẹ fi okùn kan náà sórí méjèèjì, ti ínǹṣì 37 á fi nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 le ju ti 34 lọ. B gìtá mi àtijọ́ máa ń dẹ̀ bí okùn ìsáṣọ, ariwo rẹ̀ á kọ́kọ́ dé kí ohùn tó tẹ̀lé e. Ti eléyìí máa ń wọlé tààrà. Tí mo bá ta fah, mo máa ń gbọ́ ọ nínú bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé. Mo mọ gbogbo èyí, mo lè kà á lórí fún yín. Ọwọ́ mi ni kò lọ sílé ìwé.

Ṣùgbọ́n tani Bàbá fẹ́ kó mọ ilé tó ń gbé láàárín oṣù kan? Ṣé ọjọ́ tí wọ́n gbé gángan kọ́ èjìká náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn fún wọn? Ilé Àyàn ni wọ́n bí wọn sí, wọ́n ti ń gbọ́ ìlù nínú oyún. Èmi, gìtá tí mo fi kọ́ṣẹ́, okùn mẹ́ta ló wà lórí ẹ, ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti ń dípẹtà. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó sẹ́yìn kọ́tíìnì máa...

Mo bínú jù níbẹ̀ yẹn. Bàbá kì í ṣe èèyàn burúkú. Àwọn ni wọ́n máa ń ra ẹ̀wà àgányìn fún gbogbo wa lọ́jọ́ ìfidánrawò.

Àti pé nígbà wo ni wọ́n tiẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà rí? Bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Mi ò jó o, mi ò sì mọ̀ ọ́n. Mo kàn ń gbé e kiri láti ọ̀sán.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ti okùn. Mo ra okùn tuntun ní ìsọ̀ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin náà búra pé kò sí èyí tó gùn tó o ní gbogbo Nàìjíríà. Lóòótọ́ ló gùn, fún ínǹṣì 34. Nígbà tí mo fa B dé orí gìtá, ibi tó ti ń tín-ín-rín ti wọlé kọjá nut, ìyẹn ibi tí okùn gbé kọjá láti orí gìtá bọ́ sórí ọrùn, lórí ibi tí mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Mo dá a padà, kò gbà á. Owó ti lọ. Mo tún da èyí tó ti gbó padà sórí ẹ. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Èjìká òsì ń dùn mí. Orí gìtá ti jìnnà sí i, apá mi ní láti nà lé e. Nínú Micra, mo sanwó ìjókòó méjì níwájú, orí rẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé. Awakọ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìbọn lẹ gbé ni?"

Ohun tí mo fẹ́ kọ gan-an rèé, mo ti ń yí i po láti òkè. Nígbà tí mo délé, inú ń bí mi, mo lọ gbé gìtá àtijọ́ wá látẹ̀yìn wọ́dúróòbù. Mo ní kí n lọ sílé mi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rẹ́rìn-ín. F#, fret keje, B láìtẹ nǹkan kan, kejì. Ọwọ́ mi kọjá ibẹ̀. C# dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìka mi ti sún jìnnà sí fret, okùn ń kùn bí oyin nínú agolo. Mo tún un ta. Ó tún kùn. Ọrùn rẹ̀ kéré lọ́wọ́ mi bí bàtà ọmọdé. Gìtá tí mo ta fún ọdún mẹ́fà! Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mo ń wò ó.

Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ń sọ, èwo nínú ilé méjèèjì ni wọ́n ní lọ́kàn?

Ó ṣeé ṣe kí n máa pa méjèèjì pọ̀ títí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Èkó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ọwọ́ á ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ bí ẹnu tó ń sọ èdè méjì. Ṣùgbọ́n òun kì í ta kíì F# lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo tún gbọ́ pé téèyàn ò bá wo ọrùn gìtá, ó máa ń rọrùn. Òótọ́ ni, láti fret karùn-ún sókè. Ní ìsàlẹ̀, bí mo wò ó, mo kùnà. Bí mi ò wò ó, mo kùnà. Àfi lánàá, tí mo ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù ẹni ẹlẹ́ni tí mo sì ń ta á lọ, tí mi ò kùnà lẹ́ẹ̀kan. Kí lèèyàn fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ti kú báyìí, gbogbo àdúgbò dákẹ́. Mo gbé etí lé ìwo gìtá tuntun yìí, níbi tí igi ti yọ sókè lápá òsì, torí pé láìsí iná ibẹ̀ nìkan ni mo ti lè gbọ́ ọ dáadáa. Mo ta B. Ó pẹ́ kó tó tán nínú eyín mi. Keje. B. Kejì.

Ó bọ́ síbẹ̀.

Mo tún un ṣe, D ni mo bá.

Ọjọ́rú ni ìfidánrawò. Mi ò ní bi Bàbá. Tàbí kí n ti ẹ̀gbẹ́ kan wọ̀ ọ́, kí n ní, ẹ̀yin bàbá, ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù yẹn, ṣé ó ti mọ ilé rẹ̀ báyìí? Kí n wo ojú wọn.