Àkọsílẹ̀ takraw wa ní Kabba: ẹsẹ̀ ṣì ń kọ́ iṣẹ́

Sátidé àkọ́kọ́: Pápá badminton la fi bẹ̀rẹ̀ takraw, eré tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá lórí àwọ̀n láìfọwọ́ kàn án, torí ìwọ̀n pápá eré méjèèjì dọ́gba: mítà 13.4 ní gígùn, 6.1 ní fífẹ̀. Àwọ̀n nìkan ni mo tún so, mítà 1.52 láàárín fún àwọn ọkùnrin, 1.42 fún àwọn obìnrin. Olùkọ́ eré ìdárayá ni gbogbo àwọn tí mo ń kọ́ fẹ́ dà, nítorí náà ẹni tó bá gbá a gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé bó ṣe gbá a.

Bọ́ọ̀lù oníke kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi. Pankẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń hun ún tẹ́lẹ̀ ní Táílándì àti Màléṣíà, ni mo bá ní kí bàbá kan tó ń hun apẹ̀rẹ̀ bá mi hun ọ̀kan. Bí mo ṣe gbé ìdì pankẹ́rẹ́ kọjá, ọmọ kan ní, "Sà, ẹ̀ṣẹ̀ wo la ṣẹ̀?" Bọ́ọ̀lù bàbá wúwo díẹ̀ (ti ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 180 lọ), ṣùgbọ́n ó dùn ún wò. Mo fi okùn so ó rọ̀ sára ẹ̀ka máńgòrò.

Sátidé kejì: Sepak sila nìkan, ìyẹn fífi ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ tẹ orúnkún ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi dúró díẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó máa gbá a ká wọnú bíi ti ẹni tó ká ẹsẹ̀ jókòó sórí ẹní, kí ẹ̀gbẹ́ inú rẹ̀ kọjú sókè. Ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀lù lẹsẹ̀ á ti pàdé rẹ̀, kí ó lè lọ sókè tààrà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ni eléyìí le fún jù! Iwájú ni ẹsẹ̀ wọn mọ̀. Inú igbó la ti ń ṣa bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọbìnrin tó ta ten-ten dàgbà kò wulẹ̀ ṣe wàhálà, torí wọ́n ti mọ bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lásìkò. Lójú tèmi, ten-ten yẹ kó wà nínú ètò ẹ̀kọ́ náà.

Ẹnìkan á jù ú, ẹnìkejì á gbá a lẹ́ẹ̀kan, á fọwọ́ mú un. Tó bá ti ń bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀ láìrìn, a sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì.

Sátidé tó kọjá: A fa okùn máńgòrò gùn sí i, bọ́ọ̀lù sì sún mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ (òkè rẹ̀, níbi tí a ti ń so okùn bàtà) la fi ń gbé irú èyí, òun ni sepak kuda. Èyí tó bá dé ibi ìbàdí, itan la fi ń gbà á. Gbogbo wọn ló ń bẹ̀ mí pé àwọn fẹ́ takìtì gbá a lókè àwọ̀n. Mo ní rárá.

Àríyànjiyàn tó gbóná ni ti ìfarakàn mẹ́ta tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kí bọ́ọ̀lù tó kọjá àwọ̀n. Àwọn tó ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù kò gbà pé ẹnìkan ṣoṣo lè lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀léra. Ó lè ṣe é o, òfin eré náà gbà á.

Ó kù kí n pín wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, kí n sì fa òbìrí tí tekong (ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù tó ń bẹ̀rẹ̀ eré) máa fi ẹsẹ̀ kan dúró sí. Bọ́ọ̀lù kan kò ní tó wa nígbà yẹn. Ẹni tó bá ní oníke tí kò lò mọ́ ní Mọ̀pà tàbí Ìsánlú, n óò wá rà á.