Kí Ẹ Tó Ra Lhasa: Ohun Tí Ajá Méjì Kọ́ Mi

Ọjọ́ 9 péré ni Lhasa Apso, irú ajá kékeré onírun gígùn kan, àkọ́kọ́ tí mo rà lò nílé mi kí ó tó kú. Ẹ̀bá títì ni mo ti rà á. Ọmọ ajá mẹ́fà ló wà nínú kéèjì ẹni tó ń tà wọ́n. Àwọn márùn-ún ń gbó, wọ́n ń ti ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹfà dákẹ́ sí igun pẹ̀lú irun funfun bí òwú, mo sì gbà pé ìwà pẹ̀lẹ́ ló ní, láìmọ̀ pé àìsàn ni. Ọkùnrin náà búra pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ 8, pé ó sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó tiẹ̀ fún mi ní káàdì kan tí kò ní orúkọ dókítà tàbí òǹtẹ̀ kankan. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó kọ oúnjẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó sì ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí òórùn rẹ̀ kò tíì kúrò nímú mi títí di òní. Dókítà ẹran tí mo sáré gbé e lọ bá la ẹnu rẹ̀ wo eyín, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọmọ yìí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà." Àrùn pávò ni, àrùn ìfun tó máa ń pa ọmọ ajá. Gbogbo omi tí wọ́n fà sí i lára kò gbà á là.

Kòkòrò pávò kì í kú bọ̀rọ̀. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọṣẹ lásán kò sì ràn án. Mo po híípò ìwọ̀n 1 mọ́ omi ìwọ̀n 30, mo fi fọ gbogbo ilẹ̀ ilé, mo dáná sun ibùsùn rẹ̀, mo sì dúró fún ọdún kan gbáko kí n tó wá òmíràn.

Lẹ́ẹ̀kejì, ilé tí wọ́n bí i sí ni mo lọ, nítorí mo fẹ́ rí ìyá rẹ̀. Ìyá ajá tó bá ń gbọ̀n tàbí tó fẹ́ bu ẹni jẹ ti sọ púpọ̀ nípa ọmọ rẹ̀. Mo wo ojú bóyá ó ń ṣomi, mo tẹ́tí sí imú bóyá ó ń hán-an-run, mo gbóòórùn etí, mo wo ìdí bóyá ó mọ́, mo sì fọwọ́ kan ikùn, torí ikùn tó wú bí ìlù sábà máa ń kún fún aràn. Èyí tí mo mú wá gbóòórùn bàtà mi, ó sá padà, ó tún wá. Tanímọ̀la ni mo sọ ọ́.

Abẹ́rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 8, a sì ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta sí mẹ́rin-mẹ́rin títí ó fi kọjá ọ̀sẹ̀ 16. N kò gbé e sílẹ̀ níta rárá kí ó tó parí. Ti dìgbòlugi wáyé nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, ọdọọdún la sì ń tún un ṣe. Ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ní ajá inú yàrá kò nílò rẹ̀.

Irun ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Orí òkè Tibet, níbi tí òtútù ti mú gan-an, ni ajá yìí ti wá, inú ilé ìsìn àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni wọ́n sì ti ń sìn ín kí ó máa gbó bí àlejò bá wọlé. (Ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi ju ara rẹ̀ lọ, kí ẹni tó ń gbé fúláàtì fi èyí sọ́kàn.) Nínú oṣù Ẹrẹ́nà ní Ìbàdàn, tí kò bá sí iná, ẹ̀wù òtútù ni irun yẹn jẹ́ fún un. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí mo ń ya á, òòyà há sínú kókó kan lẹ́yìn etí rẹ̀. Nígbà tí mo fi ìka tú u díẹ̀díẹ̀, mo bá eégbọn mẹ́ta tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, tí wọ́n tóbi tó ẹ̀wà, awọ ibẹ̀ sì ti pọ́n. Eégbọn máa ń kó àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ajá, tí ara rẹ̀ á fi gbóná, tí èrìgì rẹ̀ á sì funfun. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gé irun rẹ̀ kúrú, láìfá a kan awọ nítorí oòrùn. A kì í jáde lẹ́yìn aago méje òwúrọ̀ àfi tí ilẹ̀ bá ń ṣú.

Ní ti oúnjẹ, ìyá mi, tí wọ́n máa ń pe Tanímọ̀la ní àgùntàn, ni mo kọ́kọ́ ní láti bẹ̀. Àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ṣokoléètì jẹ́ májèlé fún un, egungun adìyẹ tí a ti sè sì lè gún un nífun. Wọ́n kọ́kọ́ bínú pé ajá àwọn àtijọ́ ń jẹ gbogbo rẹ̀. Nísinsìnyí, wọ́n máa ń bu ìrẹsì tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n tó da ata sí i.

Àwọn ni wọ́n ń bá mi tọ́jú rẹ̀ tí mo bá rin ìrìn àjò, torí ajá yìí lè lo ọdún 12 sí 15 láyé, kò sì fẹ́ràn àdáwà. Mo máa ń fi ìró tí mo ti lò sílẹ̀ fún un, orí rẹ̀ ló ń sùn títí n ó fi dé.