ZFS àti Linux ò ṣeé kó pọ̀

Ọ̀rọ̀ ZFS yìí, ìyẹn ètò tó ń bá kọ̀ǹpútà to fáìlì sórí díìsìkì, ń dùn mí gan-an o. Iléeṣẹ́ Sun tó ṣe é gbé kóòdù ẹ̀ síta lọ́dún 2005, àmọ́ abẹ́ láìsẹ́nsì CDDL (ìwé àṣẹ tó sọ bẹ́ ẹ ṣe lè lo kóòdù) ló wà, Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sì ń lo láìsẹ́nsì míì, GPLv2, ní tiẹ̀, GPL ní tẹ́ ẹ bá pa kóòdù míì pọ̀ mọ́ tòun tẹ́ ẹ wá ń pín in, gbogbo ẹ̀ pátá gbọ́dọ̀ di GPL, CDDL náà ní fáìlì tòun ò ní kúrò lábẹ́ òun. Àgbò méjì ò lè mumi nínú igbá kan.

Tẹ́ ẹ bá lo Debian, tó jẹ́ oríṣi Linux kan, zfs-dkms, ìyẹn àkójọ kóòdù ZFS, lẹ máa gbé sórí ẹ̀, kọ̀ǹpútà yín á wá fúnra ẹ̀ fi kóòdù yẹn ṣe módù, ìyẹn apá tó ń fi ZFS kún Linux, torí pípín ló ní wàhálà, lílò nílé ara ẹni ò ní. Oracle tó ra Sun lọ́dún 2010 lágbára láti yí láìsẹ́nsì kóòdù Sun yẹn padà, ẹ jọ̀ọ́ kí wọ́n kúkú ṣe é!