Ẹ Kọ́kọ́ Fẹsẹ̀ Rìn Yí Abúlé Ká

Nígbà tí a gbẹ́ kànga ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ní abúlé wa, nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè. Ọjọ́ Iléyá ni a ṣèpàdé, nígbà tí àwa ará Èkó wálé. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi lójoojúmọ́ wà nídìí ìkòkò ọbẹ̀ nígbà tí à ń pinnu. A gbẹ́ ẹ sí oríta, níbi tí àlejò á ti rí i.

Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin náà fi padà sódò. Inú bí mi. Ìyá kan tó ń yan gàrí ló wá bi mí pé, "Akọ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ gbẹ́ ẹ síbẹ̀, ṣé ẹ ti ru omi láti oríta dé ibi tí a ti ń fọ ẹ̀gẹ́ rí?" Mi ò rí èsì fún wọn.

Nígbà tí a fẹ́ gbẹ́ èkejì, a kò kọ ohunkóhun sílẹ̀ ká tó rìn. Àwọn obìnrin ló ṣáájú, àwọn Àgátú tó ń gba oko ro náà wà níbẹ̀. Àwọn yìí ló fi ibi tí àgbàrá ti ń jẹ ọ̀nà oko hàn wá, torí wọ́n ń tọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Nígbà tí a dé iwájú ilé Baálẹ̀, a fi eérú ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: odò, oko, ilé ìwé, ilé ìgbẹ́.

Níbẹ̀ ni mo ti rí ohun tó dùn mí jù. Ẹ mọ̀ pé gàrí Ìjẹ̀bú gbọ́dọ̀ kan. Ẹ̀gẹ́ rírin máa ń lo ọjọ́ bíi mélòó kan nínú àpò. Omi tó ń jò lára rẹ̀ ní májèlé sáyánáìdì nínú, ó ń pa ẹja, inú odò tí àwọn ọmọ wa ń wẹ̀ ló sì ń ṣàn sí. Ọdún mélòó ni mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá! A gbẹ́ kòtò fún un, ó jìnnà sódò, ó jìnnà sí kànga. Ilé ìgbẹ́ náà, a ní kò gbọdọ̀ sún mọ́ kànga ju 30 mítà lọ.

Ìtọ́jú kànga wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn regbéregbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, oṣù kọ̀ọ̀kan fún ẹgbẹ́ kan. Owó kékeré là ń gbà lórí kẹ́ẹ̀gì. Ìyá méjì ló ń tọ́jú rẹ̀, a sì máa ń ka ìwé owó sókè ní ìpàdé. Ìpàdé náà ti kúrò ní ọjọ́ Iléyá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ọjà ni, àwọn obìnrin ló mú un.

Èyí tí a kò tíì yanjú ni ilẹ̀ orísun odò. Àwọn kan nínú ẹbí tó ni ín fẹ́ tà á fún àwọn tó ń wá ilẹ̀ ilé kọ́. Mo ti bẹ Baálẹ̀ pé kí ìpàdé tó ń bọ̀ má ṣe wáyé nínú gbọ̀ngàn, kí a jókòó sídìí orísun náà, kí àwọn ọmọ ẹbí náà sì bu omi rẹ̀ mu kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.